Èsì: Oṣù wo ló dára fún ọgbà ẹranko Kainji?

Okun o, àbúrò mi. O bèèrè oṣù tí ẹ lè kó àwọn ọmọ ilé-ìwé láti Kábà lọ sí Kainji. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn, láàrin oṣù kejì sí ìkẹrin. Koríko á ti jóná nígbà yẹn, omi á ti gbẹ níbi púpọ̀, àwọn ẹranko á máa wá mumi ní odò Oli nínú ọgbà náà. Ibẹ̀ lẹ ti lè rí erinmi. Kìnnìún ṣì wà, àmọ́ kò pọ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, fi igi apá hàn wọ́n dáadáa. Àwọn agégẹdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e tán nínú igbó tiwa, ó sì ń dùn mí. Kí ẹnikẹ́ni má já ewé o, òfin kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kó o tó sanwó bọ́ọ̀sì, kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ń gba àlejò àti bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ ọ́fíìsì ọgbà náà ní ìlú New Bussa.