"She don't": àṣìṣe ni àbí ọgbọ́n orin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣágámù ni mo ti ń kọ ìwé yìí, mo sì ń kọrin. Ègbè orin mi tuntun ni "She don't want no money". Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa fi báírò pupa fa "don't" àti "no" lára. Bọ̀ọ̀dá tó ń ṣe bíìtì fún mi ní tí mo bá fọwọ́ kàn án, orin bà jẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tiwọn?

Ìdáhùn: Àbúrò wa, kọ́kọ́ ka sílébù. She-don't-want-no-mo-ney: mẹ́fà. Èyí tí tíṣà fẹ́, "She doesn't want any money", mẹ́jọ ni. Tí o bá ki mẹ́jọ bọ ibi tó gba mẹ́fà, ẹnu á máa sáré, wàá sì gbé "doesn't" mì. Gbìyànjú láti fi "any" kọ orin Rolling Stones ti 1965, "(I Can't Get No) Satisfaction", wàá rí i bó ṣe há tó.

Ìyísódì méjì (ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé "kò"), ìyẹn "don't" àti "no", tó tẹ̀ lé ara wọn ló ń bí tíṣà nínú. Etí Yorùbá náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀: "kò lè má wá" túmọ̀ sí pé dandan ni yóò wá, ìkejì ti pa ìkínní. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ìkejì kì í pa ìkínní, ṣe ló ń fi agbára kún un. Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, náà lò ó bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn.

Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣìnà jù ni "be". Nínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn, "He be working" kì í ṣe "is" tí ẹnì kan gbàgbé. "Ó máa ń ṣiṣẹ́" ni. Ẹni tó bá wá kọ "He be working right now" ti gbé "máa ń" sí ibi tí "ń" yẹ kó wà. Àfi bí àlejò tó fẹ́ fi ẹnu Ìjẹ̀bú bá regbẹ́regbẹ́ kọrin l'Ójúde Ọba: kó tó dé ẹsẹ̀ kejì, wọ́n ti mọ̀. Lójú tiwa, Píjìn rọ ọmọ Ṣágámù lọ́rùn ju ìyẹn lọ. "Dey" gba "ń", ó gba "máa ń", wàhálà yẹn ò tiẹ̀ ní yọjú.

Kọ ẹ̀dà tó bá gírámà mu sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, kí o kọ méjèèjì sórí bíìtì. Nígbà mìíràn ẹ̀kẹta á jáde: "She won't take your money" náà mẹ́fà ni, báírò pupa ò sì ní rí nǹkan fà. Àmọ́ ìyẹn ń sọ pé ọmọ náà kọ owó; tìrẹ ń sọ pé owó ò tiẹ̀ wù ú. Tí èyí bá ni orin rẹ fẹ́ sọ, fi "don't" sílẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe padà lo "doesn't" fún un nínú ẹsẹ̀ kejì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni olùgbọ́ á ti rò pé o ò mọ̀ ọ́n ni.

Nínú ìdánwò WAEC, "doesn't" ni o.