Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń di "offline" bí iná bá lọ tó dé: bí ẹ ṣe lè tún un ṣe nínú browser

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì àti ìtẹ̀wé ní Ìkòròdú, nítòsí LASUSTECH. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo lórí Wi-Fi. Ìgbàkígbà tí NEPA bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà, "offline" ni kọ̀ǹpútà ń kọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ wà ní títàn. Ẹnì kan ní mo lè ṣí ẹ̀rọ náà nínú Chrome kí n tún un ṣe níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé mo sì lè fi mọ iye ewé tí ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ bí mo bá jáde?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Òótọ́ lẹni náà sọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo Wi-Fi tàbí wáyà ráútà sábà máa ń ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú, tí browser lè ṣí. Orúkọ ló yàtọ̀: HP ń pè é ní Embedded Web Server, Canon ní Remote UI, Brother ní Web Based Management, Epson ní Web Config. Ẹ ò nílò dátà fún un, kí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ṣáà ti wà lórí Wi-Fi kan náà.

Ẹ wo Network tàbí Wi-Fi lójú ẹ̀rọ, tàbí kí ẹ tẹ ìwé network configuration jáde. Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 192.168.0.105. Ẹ kọ http://192.168.0.105 sí òkè pátápátá, níbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí. Bí Chrome bá ní "Your connection is not private", ẹ̀rọ náà ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀. Ẹ tẹ Advanced, kí ẹ wọlé. (Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú ìwé báńkì láéláé.) Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ ráútà. Ẹ jẹ́ kí ráútà tàn tán, kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún un tàn.

Ibi tí wàhálà yín ti wá nìyí. Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ohun tó bá wọ Wi-Fi. Bí iná bá lọ, púpọ̀ nínú wọn a gbàgbé ohun tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Kí iná tó dé tán, fóònù oníbàárà kan ti gba 105, ẹ̀rọ yín ti bọ́ sí 108. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò ló ṣì ń kàn.

Ẹ fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì tí kò ní yí padà. Inú ráútà ló dára jù láti ṣe é, lábẹ́ DHCP (ètò tí ráútà fi ń pín àdírẹ́sì), níbi Address Reservation: ẹ kọ MAC address ẹ̀rọ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀) síbẹ̀, ó wà lórí ìwé tí ẹ tẹ̀ jáde yẹn. MiFi mìíràn ò ní in. Nígbà náà, ẹ lọ sí Network, IPv4 lójú ìwé ẹ̀rọ, kí ẹ yan Manual: IP 192.168.0.200, subnet 255.255.255.0, gateway ni àdírẹ́sì ráútà, bíi 192.168.0.1. Bí ráútà bá ń pín 100 sí 199, 200 ò ní bá ẹnikẹ́ni forí gbárí. Bí ẹ bá tẹ Apply, ojú ìwé á dúró gbagidi. Kò bàjẹ́ o. Ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí nìyẹn, àbọ̀ iṣẹ́ ni. Lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí Printer properties, Ports, Add Port, kí ẹ yan Standard TCP/IP Port, kí ẹ kọ àdírẹ́sì tí ẹ fún ẹ̀rọ, bíi 192.168.0.200. WSD (ọ̀nà mìíràn tí Windows ń gbà wá ẹ̀rọ) ni Windows sábà máa ń yàn fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe é gbára lé. Bó bá ṣì ń kọ "offline" bí ojú ìwé ẹ̀rọ tilẹ̀ ń ṣí, ẹ wọ Configure Port, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú SNMP Status Enabled (ohun tí Windows fi ń béèrè bóyá ẹ̀rọ wà ní títàn).

Ní ti iye ewé, ẹ wá Usage Page, Counter tàbí Maintenance Information. Ẹ kọ àpapọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ tún wò ó bí ẹ bá dé. Fọ́tókọ́pì àti ìwé tó bàjẹ́ wà nínú rẹ̀. Ewé kan tí a tẹ̀ tojú-tẹ̀yìn sì sábà máa ń jẹ́ méjì. Torí náà, ẹ má tìtorí ewé mẹ́ta bá ọmọ ọlọ́mọ jà.

Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù ojú ìwé náà padà lónìí. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi yín lè ṣí i, ẹ sì mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gba Wi-Fi yín láti fi ránṣẹ́ iṣẹ́. Guest Wi-Fi (Wi-Fi ọ̀tọ̀ fún àlejò) ni kí ẹ máa fún wọn. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ò gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀, torí ó sábà máa ń dí ọ̀nà sí ẹ̀rọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí port 9100 (ẹnu ọ̀nà tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ń gbà wọ ẹ̀rọ) síta sí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ráútà yín. Ní 2018, ẹnì kan gba ibẹ̀ tẹ ìwé tí kò sẹ́ni tó rán an jáde lórí nǹkan bí 50,000 ẹ̀rọ káàkiri ayé.

Firmware Update (àtúnṣe sí ètò tó ń darí ẹ̀rọ) tún wà lójú ìwé ẹ̀rọ náà. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ẹ̀rọ lè má jí mọ́. Bó bá jẹ́ HP ni, tí kátíríìjì yín ò sì ní chip HP, update lè mú kó kọ kátíríìjì náà. Ẹ pa update aládàáṣe rẹ̀.