Àkọlé ara ògiri ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe òfin

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé pé ẹ ra jẹnẹrétọ̀ tuntun ní Ògùnpa n'Íbàdàn, tí ẹ wá rí i pé àlòkù tí wọ́n tún kùn lọ́dà ni, ẹ má jẹ́ kí àkọlé pé wọn kì í dá owó padà dẹ́rù bà yín. Òun náà ni ọlọ́jà kan ní Ìwó Road fi ń dá mi lóhùn lórí firísà tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin àpapọ̀ ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ń ta àlòkù tàbí ọjà tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ lẹ àkíyèsí tó hàn kedere mọ́ ọn pé bẹ́ẹ̀ ló rí, àkọlé kankan kò sì lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ oníbàárà.

Àwọn kan ti ní kí ẹ kọ̀wé sí LASCOPA. Àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó nìyẹn. Ọjà tí a rà n'Íbàdàn kò sí lábẹ́ rẹ̀. FCCPC ni kí ẹ kọjú sí.

Ṣùgbọ́n ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Nínú lẹ́tà tèmi, mo kọ ọjọ́ tí mo rajà, iye tí mo san, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ náà, àléébù tí oníṣẹ́ rí nígbà tó tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, àti pé owó mi ni mo fẹ́. Mo so fọ́tò àti ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn, mo sì dá ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì. Mo ní kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi pé wọ́n ti gbà á. Nígbà tí ọjọ́ pé tí n kò gbọ́ nǹkan kan, mo fi gbogbo rẹ̀ ṣọwọ́ sí àjọ, mo sì jẹ́ kí ọlọ́jà rí ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn náà. Kò pẹ́ tó fi ní kí n wá gba owó mi. Ó yọ owó ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, n kò sì bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Ẹ ní wọn kò fún yín ní rìsíìtì. Òfin kan náà ló ní kí olùtajà fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà, nítorí náà ẹ béèrè fún un nínú lẹ́tà yín, kí ẹ sì tẹ ẹ̀rí owó tí ẹ fi báńkì san jáde. Bí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bá yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ méjèèjì.

Mẹkáníìkì yín lè tú jẹnẹrétọ̀ náà wò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ohunkóhun nínú rẹ̀, torí ọlọ́jà yóò ní òun ló bà á jẹ́.