Ọmọ mi fẹ́ lọ ṣe íńtánṣíìpù l'Ábùjá, bàbá ẹ̀ ní kò síbi tó ń lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 21, tó ń parí yunifásítì níbí ní Leeds (ọ̀rọ̀ àjọṣe láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ló ń kà) ló ní Àbújá lòun fẹ́ lọ lo oṣù mẹ́ta, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèrànwọ́ fáwọn tí ogun lé kúrò nílé. Bàbá ẹ̀ ní ṣé a kì í gbọ́ ìròyìn ni. Èmi ò mọ èyí tí mo máa ṣe mọ́. Ẹni tó bá ti rán ọmọ lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọmọkùnrin tèmi lọ lọ́dún 2023 láti Toronto níbí, oṣù márùn-ún ló lò, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn oorun ò kùn mí rárá, àràárọ̀ ni mò ń pè é títí tó fi ní "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n ráyè ṣiṣẹ́ o."

Ẹ bá mi sọ fún bàbá ẹ̀ pé Àbújá kì í ṣe Sàmbísà. Àbújá sí Maiduguri jìn ju Èkó sí Àbújá lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín pé kò séwu o, UN House, ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) tó wà l'Ábùjá yẹn náà ni wọ́n fi mọ́tò gbé bọ́ǹbù wọ̀ ní 26 oṣù kẹjọ 2011, èèyàn tó lé ní ogún ló kú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀nà. Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ wọ mọ́tò lọ sí Kàdúná torí pé àwọn ọ̀rẹ́ ọ́fíìsì fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Rélùwéè gan-an, ṣebí wọ́n dá a lọ́nà ní oṣù kẹta 2022, àwọn míì lo oṣù mélòó kan nínú igbó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ Maiduguri fún un, kó ní òun ò lọ, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ò ní nǹkan tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

Owó wá ńkọ́, torí owó lẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí. Ilé iṣẹ́ àgbà UN (Secretariat), tí OCHA, ẹ̀ka tó ń ṣètò ìrànwọ́, wà lábẹ́ ẹ̀, kì í sanwó fáwọn íńtán, ẹ̀yin lẹ máa san owó báálù, owó ilé, owó oúnjẹ, owó ìwòsàn. UNICEF (àjọ UN fáwọn ọmọdé) àti WFP (àjọ UN tó ń pín oúnjẹ) máa ń fún wọn ní nǹkan díẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì béèrè owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín, gbájúẹ̀ ni, UN kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ẹnì kan kàn sí mi lórí WhatsApp nígbà yẹn pé òun máa bá wa "rìn ín", mo kí i dáadáa, mo wá blọ́ọ̀kì ẹ̀.

Páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni kó fi wọlé, ẹ tètè bá a wá a, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Ilé ńkọ́? Ẹ má gba shortlet fún un ní Maitama o, á kàn máa bá àwọn oyinbo jẹun ni, á padà wá sí Leeds bó ṣe lọ. Ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi ní Kubwa ni tiwa gbé, aago mẹ́fà ku díẹ̀ ló ti ń jáde nítorí gòsílóò, ọwọ́ ẹni tó ń ta súyà níwájú ilé wọn ló ti kọ́ Hausa tó gbọ́, ìyàwó ilé sì ń fi Yorùbá bá a wí bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju sátífíkéètì lọ.

Iṣẹ́ gan-an wá. Oṣù méjì àkọ́kọ́, mínítì ìpàdé ló ń kọ, orúkọ ló ń tò sínú Excel. Ó pè mí pé "Mọ́mì, mo rò pé wọ́n máa ní ká lọ pín oúnjẹ ni." Mo ní ọmọ mi, oúnjẹ tí wọn ò kọ́kọ́ ka iye ẹni tó máa jẹ ẹ́, ìjà ló ń dá sílẹ̀, èmi tí mo ti dáná níbi ìnáwó òkú rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n mú un lọ sí Durumi, àgọ́ kan wà níbẹ̀ láàárín Àbújá tí àwọn ará Borno tó sá fún Boko Haram ń gbé. Ó bá ọmọdékùnrin kan ṣeré, ó ní òun máa mú bọ́ọ̀lù wá fún un ní Sátidé. Sátidé dé, wọ́n rán an níbòmíì, kò sì rántí. Nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ débẹ̀, gbogbo ọmọ àgọ́ ń bi í "bọ́ọ̀lù dà?" Ọ̀gá yẹn ò pariwo o, ó kàn ní kò tún gbọdọ̀ débẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé gbogbo àlejò tó bá wá síbẹ̀ ló ń ṣèlérí tí wọn kì í mú ṣẹ. Ọmọ mi sunkún fún mi lórí fóònù. Mo bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ọ̀gá ẹ̀ obìnrin yẹn. Ẹ sì bá ọmọ yín sọ ti fọ́tò, kò gbọdọ̀ yà ẹnikẹ́ni níbẹ̀ sórí Instagram láìgbàṣẹ, àwọn ọmọ wa tó dàgbà síbí yìí, ọwọ́ wọn yá sí fóònù jù.

Ohun kan tó ti yàtọ̀ sí ìgbà tiwa ni pé láti 2025 tí Amẹ́ríkà ti pa USAID, àjọ tí wọ́n fi ń ran àwọn orílẹ̀-èdè míì lọ́wọ́, dé, ọ̀pọ̀ NGO (àjọ aládàáni tó ń ṣèrànwọ́) ló ti lé òṣìṣẹ́, ibi tí wọ́n bá sì ti ń lé àgbà níṣẹ́, ta ló máa ráyè kọ́ ọmọdé? Nítorí náà, kó tó gba lẹ́tà ẹnikẹ́ni, kó bi wọ́n pé ta lọ̀gá òun, kí lòun máa ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí wọn ò bá lè dáhùn, kó wábòmíì. Tó bá gbọ́ Faransé, olú ilé iṣẹ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wà l'Ábùjá, pẹ̀lú bí Mali, Burkina Faso àti Niger ṣe jáde ní oṣù kìíní 2025 yẹn, ohun tó ń kà ní yunifásítì gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kó wò ó bóyá wọ́n ń gba íńtán.

Kí bàbá ẹ̀ pe ọkọ mi. Òun náà ló kọ́kọ́ ní ọmọ ò níí lọ, òun náà ló padà wá gbé e lọ sí ẹ́pọ́ọ̀tù.