Ta ló máa mú ọmọ nílé-ìwé ní aago méjì?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ sì kú oríire lẹ́tà yunifásítì yẹn. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Ẹ ní Oǹdó lẹ ń gbé, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti gbà yín fún másítà, àwọn ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta, ẹ sì ti forúkọ wọn sílẹ̀ ní nọ́sìrì fún oṣù Kẹsàn-án. Bàbá wọn ní kí ẹ lọ, òun wà lẹ́yìn yín. Ìyá yín ní kí ẹ ní sùúrù kí ọmọ gbó díẹ̀ sí i. Ẹ wá ń béèrè ẹni tó tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì.

Kò tíì sí ẹni tó tọ̀nà nínú wọn, torí kò tíì sí ẹni tó dáhùn ìbéèrè kan: ta ló máa mú àwọn ọmọ nílé-ìwé ní aago méjì ọ̀sán? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí mo fi ṣe M.Tech, ìyẹn másítà, ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, pẹ̀lú ọmọ méjì àti iṣẹ́ ìjọba lọ́rùn mi. Ìwé kọ́ ló fẹ́ẹ̀ bì mí ṣubú. Aago méjì ọ̀sán ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ilé mi ṣe rí kí ẹ lè fi wé tiyín. Ọ̀bá-Ilé là ń gbé, ibẹ̀ náà ni ilé-ìwé àwọn ọmọ wà. Ọ́fíìsì mi wà ní Alágbàkà. FUTA wá wà ní apá kejì ìlú pátápátá, lójú ọ̀nà Iléṣà. Ẹni tó bá mọ Àkúrẹ́ á ti máa mi orí báyìí, torí ọ̀nà tí mò ń gbà láti Ọ̀bá-Ilé dé FUTA la àárín ìgboro já, ó gba Ọjà Ọba kọjá, kó tó bọ́ sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Roadblock. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Òkìtìpupa. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń wọlé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló ń padà.

Mo ṣètò o, kì í ṣe pé mi ò ṣètò. Ìparí ọdún 2021 ni wọ́n gbà mí. Ìṣirò mi ni pé tó bá fi máa di oṣù Kẹsàn-án 2022, tí ọmọkùnrin mi máa wọ pírámárì kìíní, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin máa bẹ̀rẹ̀ nọ́sìrì, ẹ̀kọ́ inú kíláàsì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́dọ̀ mi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Oṣù kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ó di oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró, àwọn ọmọ ti wọlé tiwọn láti oṣù Kẹsàn-án, àwọn olùkọ́ wa sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ wa ní ohun tó yẹ kí wọ́n fi oṣù púpọ̀ kọ́. Ohun méjì tí mo tò tẹ̀ léra wá jọ kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan náà. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi kàlẹ́ńdà yunifásítì ṣe òpó ilé mọ́. Ilé-ìwé ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìyá ọkọ mi ti ṣèlérí pé àwọn máa wá bá mi gbé. Ìdànrè ni wọ́n wà, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Mi ò rántí pé oṣù Kẹwàá sí ìparí ọdún gan-an ni kòkó ń pọ́n lórí igi, tí wọ́n ń ká a, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń sá a. Ta ló máa fi kòkó sílẹ̀ wá tọ́ ọmọ-ọmọ ní Ọ̀bá-Ilé? Mi ò sì lè bínú, torí nínú owó kòkó yẹn la ti yọ díẹ̀ fi san owó ilé-ìwé tèmi.

Ni mo bá gba oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Èèyàn dáadáa ni. Ó ń kó àwọn ọmọ láti ilé-ìwé lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa lójoojúmọ́, ó sì ń ṣe é déédéé títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí ìjọba ní kí a kó ògbólógbòó owó wá, tí tuntun ò sì sí níta. Ẹ rántí àkókò yẹn. Èèyàn ní owó nínú báǹkì kò lè ra ẹ̀pà. Oní-POS ń fi owó ta owó. Oníkẹ̀kẹ́ wa, owó tó máa fi ra epo ni kò rí. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejì, ó lọ tò sí báǹkì láti àárọ̀. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin láti sọ pé òun ò ní lè kó àwọn ọmọ. Mo wà nínú ìdánwò, fóònù mi wà ní pípa nínú báàgì.

Nígbà tí mo tan fóònù, aago mẹ́rin ti kọjá. Nígbà tí mo máa fi la ìgboro dé Ọ̀bá-Ilé, aago márùn-ún ààbọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ọmọkùnrin mi ń fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà káàkiri ọgbà. Àbúrò rẹ̀ ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì bàbá onígéètì, orí rẹ̀ wà lórí itan bàbá náà, bàbá yẹn ò sì mira kó má baà jí. Ilé-ìwé ní kí n san owó pé mo pẹ́ mú ọmọ. Mo san án, mi ò sọ nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, tí a bá ti dé ẹnu géètì láàárọ̀, ọmọbìnrin mi á di síkẹ́ẹ̀tì mi mú, á ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá mú mi?” Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Tí mo bá ní rárá, kò ní í wọlé.

Mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n jẹ́ kí n dá ẹ̀kọ́ náà dúró fún ọdún kan. Àgbàlagbà obìnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì ló ka lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ mi tó sọ pé, “Ẹni tó wà nítòsí ilé rẹ lò ń wá. Ẹni tó wà nítòsí ilé-ìwé ọmọ ni kó o wá.” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣí mi lójú. Tí kò bá sí kẹ̀kẹ́ láàárín, kò sí ohun tí epo tàbí báǹkì lè bàjẹ́. Ìyá télọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì ọ̀nà, ní iwájú géètì gan-an. Mo lọ bá wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n má san nǹkan kan, pé ọmọ wa ni. Mo kọ̀ jálẹ̀. N5,000 lóṣù, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ látọ̀dọ̀ mi, àti ẹní kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ san owó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó ń ṣe yín lóore, ẹ ò lè sọ fún un pé “ọmọ yìí ò tíì jẹun.” Ẹni tí ẹ bá bá dúnàádúrà, ẹ lè sọ ọ́, òun náà sì lè sọ fún yín pé òun ní ìnáwó lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn, láìsí ìjà.

Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí owó kẹ̀kẹ́ fò sókè káàkiri Àkúrẹ́, ẹ̀rù ba gbogbo ìyá ọmọ tó wà ní àdúgbò wa. Ti ọkọ̀ tí mò ń wọ̀ lọ sí FUTA dùn mí, mi ò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kàn ń gba títì kọjá lọ́wọ́ ìyá télọ̀ ni.

Àìsàn náà ń bẹ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé, gbogbo ọ̀fìnkìn tó wà ní kíláàsì ló máa gbé wálé. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n bá fún yín, ọ̀sẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe é. Ibà kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkàwé lóru, mi ò lè pa á láṣẹ fún ẹlòmíràn. Èmi ń bá àwọn ọmọ sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, mo ń jí ní aago mẹ́ta, mo sì ń fi iná alágbèéká kàwé di aago márùn-ún ààbọ̀. Àwọn tó ń kàwé títí di ọ̀gànjọ́, mo gbìyànjú ẹ̀, mo sùn lórí ìwé, mo tún ji ara mi lólè oorun. Àríyá ni mo pa tì pátápátá. Aṣọ ẹbí mẹ́rin ni mi ò rà lọ́dún kan. Wọ́n ní ìwé ti ń gùn mí. Ó gùn mí lóòótọ́.

Ẹ̀yin á rò pé ẹ̀kọ́ inú kíláàsì ló le jù. Ó le, ṣùgbọ́n ó ní aago. Tísísì, ìwé ìwádìí àṣekágbá, ni kò ní. Lẹ́yìn tí mo ṣe kíláàsì tán, mo rò pé mo ti bọ́, odindi oṣù méje ni mi ò sì fi kọ ojú ewé kan, torí kò sẹ́ni tó ń pè mí. Sùpáfáísọ̀ mi kì í dí èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í lé èèyàn kiri náà. Ohun tó yọ mí ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kejì-kejì, ìbáà ṣe ìpínrọ̀ kan. Tí mi ò bá fi ránṣẹ́, ojú máa ń tì mí. Ìtìjú wúlò fún tísísì.

Kí ẹ sì tó mú kókó ìwádìí, ẹ wo wákàtí tó máa jẹ. Púpurú ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ń rẹ títí yóò fi kan, kí wọ́n tó yan án lórí iná. Mo ní láti bu díẹ̀ lára rẹ̀ ní gbogbo wákàtí 24, fún ọjọ́ mẹ́rin, kí n wo bó ṣe ń kan sí. Ìgbà àkọ́kọ́, mo rẹ ẹ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi so gbogbo àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ yẹn mọ́ aago méjì ọ̀sán! Mo da ẹ̀gẹ́ yẹn nù. Ìgbà kejì, mo rẹ ẹ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ti Sátidé àti ti Sọ́ńdè bọ́ sí ọjọ́ tí ọkọ mi wà nílé, ti Mọ́ńdè àti Túsìdeè bọ́ sí ìgbà tí àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá télọ̀. Ẹ̀gẹ́ kan náà, yàrá àyẹ̀wò kan náà.

Ní ti bàbá ìbejì tó ní òun wà lẹ́yìn yín: ẹ fi ìfẹ́ bi í léèrè pé ẹ̀yìn ibo? Ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, ó ń bi mí pé, “Kí ni kí n bá ẹ ṣe?”, mo sì gbọ́dọ̀ dúró máa ronú iṣẹ́ tí màá fún un. Nígbà tó yá, mo yọ ohun méjì kúrò lórí mi pátápátá: aṣọ ilé-ìwé ọ̀sẹ̀ kan fún ọmọ méjèèjì, fífọ̀ àti lílọ̀, àti ata ọ̀sẹ̀ kan, lílọ̀ àti síse. Kọ́là mẹ́ta ló fi áyọ́ọ̀nù jó. Mi ò sọ̀rọ̀, mi ò sì gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo kábàámọ̀ wà, òun ló sì mú mi jókòó kọ gbogbo èyí. Mo kánjú fi ọmọkùnrin mi wọ pírámárì kìíní nígbà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ọdún mẹ́fà ni ọmọ ń wọ pírámárì, àmọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ti ń lọ, mo sì rò pé ilé-ìwé á bá mi gbé e. Àwọn olùkọ́ ní ó gbọ́n. Ó gbọ́n lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lè di pẹ́ńsù mú pẹ́ títí, ó ń sunkún lórí iṣẹ́ àmúrelé, èmi náà ń sunkún lórí tèmi. Ó tún pírámárì kejì kà.

Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jiyàn bóyá kí ẹ̀yin dúró. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ bóyá àwọn ìbejì ló yẹ kó dúró. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò jẹ ilé-ìwé ní gbèsè kankan. Ìyá yín ló ní kí ọmọ gbó díẹ̀ sí i, ìlú kan náà lẹ jọ wà. Ọdún tí ẹ máa fi ṣe kíláàsì ni ọdún tí ẹ máa máa dúró kí mọ́tò kún ní gáréèjì kí ẹ tó lè kúrò ní Àkúrẹ́. Tí ìbejì bá wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà lọ́dún yẹn, kò sí géètì tí ẹnikẹ́ni máa tì mọ́ wọn.

Ẹ lọ bi ìyá yín ní ìbéèrè tó ní ọjọ́ àti wákàtí nínú, ẹ má kàn ní “ṣé ẹ máa bá mi wò wọ́n?” Tí wọ́n bá ní àwọn á ṣe é, ẹ bá wọn sọ iye tí ẹ máa máa fún wọn, kí ẹ lọ san owó ìtẹ́wọ́gbà. Tí wọ́n bá ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, ẹ lọ rin iwájú nọ́sìrì yẹn ká ní aago méjì ọ̀sán, kí ẹ wo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibẹ̀ tí kì í tètè tilẹ̀kùn.