Èsì: Ṣé kí "fóònù" wọlé nínú géèmù ọ̀rọ̀ Yorùbá?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní wọ́n wọ́gi lé "fóònù" àti "búrẹ́dì" nínú géèmù tẹ́ ẹ jọ ń ta lórí WhatsApp torí pé òyìnbó ni. Èmi ò gbà rárá. Tí wọ́n bá lé búrẹ́dì, kí wọ́n lé àlùbọ́sà náà, torí ọwọ́ Haúsá la ti gbà á, kí wọ́n lé àdúrà àti àlàáfíà tó ti inú èdè Lárúbáwá wá, ta ló máa wá sọ fún ìyá ẹ̀ pé àlùbọ́sà kì í ṣe Yorùbá? Tí ìyá ọlọ́jà tí ò lọ síléèwé bá ti ń pe ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ohùn tiwa, ó ti di tiwa nìyẹn.

Àmì ohùn gan-an ló yẹ ká jà sí. Ọkọ tó fẹ́ni sílé, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko, ọkọ̀ tá à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tọ́dẹ ń sọ, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, géèmù tó bá kà wọ́n sí ẹyọ kan ń rẹ́ wa jẹ ni. Ẹ tún wo gb, lẹ́tà kan ṣoṣo ni nínú lẹ́tà 25 tá a ní, síbẹ̀ mo ti rí géèmù tó pín in sí àpótí méjì tí agbádá wá di lẹ́tà mẹ́fà dípò márùn-ún, ó dùn mí gan-an.

Orúkọ èèyàn, ẹ fi sílẹ̀, Scrabble òyìnbó tó gba "oba" àti "naira" pàápàá kì í gbà á. Èébú ńkọ́? Ìwé ìròyìn New York Times yọ àwọn ọ̀rọ̀ èébú kan kúrò nínú Wordle, géèmù ọ̀rọ̀ tiwọn, ní 2022, èmi náà á yọ ọ́ bọ́mọdé bá ń bá yín ta á.