Ṣé abẹ́rẹ́ kan tó fún ọmọ ajá?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ọmọ ajá mi ti pé ọ̀sẹ̀ 9, ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé kí n máa mú un jáde? Mo tún rí nǹkan roboto kan létí ẹ̀, kò fẹ́ já.

Ìdáhùn: Áà, ẹ ṣì ní sùúrù o. Ààbò tó bá wàrà ìyá ẹ̀ wọlé lè má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tá a fi ń gún un léraléra, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn, títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Àrùn kan tí wọ́n ń pè ní parvo ni mò ń bẹ̀rù jù: ajá tó bá ní in á máa bì, á máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn burúkú, kíá ló ń pa ọmọ ajá, fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ sì ń pẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀ fún oṣù púpọ̀, bàtà yín gan-an lè gbé e wọlé. Tó bá ti pé oṣù 3, ó yẹ kó gba ti dìgbòlugi, èyí tó ń ran èèyàn.

Nǹkan etí yẹn, ó jọ pé eégbọn ni. Ẹ má finá jó o jàre! Ẹ fi ẹmú tín-ín-rín dì í mú níbi tó ti kan awọ, kẹ́ ẹ rọra fà á jáde tààrà, ẹ yẹ àárín ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ wò náà. Oògùn aràn ńkọ́, ṣé ó ti lò ó?